Ọwọ́ Injinía Síkírù

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọkùnrin ṣe gbọ́n tó, kó lọ ta páàtì ẹ̀rọ fún wọn fún ọdún mọ́kànlá. Àrínọlá ti tà á. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ ju ibi tí mọ́tò kan lè gbé sí lọ, ní òpópónà kan ní Muṣin tí mẹkáníìkì pọ̀ sí ju ihò ojú títì lọ, ihò náà kò sì kéré níye. Ó ń ta púlọ́ọ̀gì, ó ń ta ọ́ìlì, ó ń ta okùn tí wọ́n fi ń fa ẹ̀rọ, ó sì ń ta ṣéènì eléyín tó máa ń wà lẹ́nu ẹ̀rọ agégi, ẹ̀rọ elépo bẹntiróòlù tí àwọn agégi Èkó máa ń gbé léjìká kiri bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Kò sí ọkùnrin tó wá rajà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò mọ̀ jù ú lọ. Èyí tí kò mọ ṣéènì tuntun yàtọ̀ sí àlòkù á ní, "Màdáámù, ṣé ohun tí mò ń bèèrè báyìí yé yín?" Àrínọlá á ní, "Kò yé mi o, sà. Ẹ là mí lọ́yẹ̀." Wọ́n á là á lọ́yẹ̀ títí. Tí wọ́n bá là á lọ́yẹ̀ tán, á mú ohun tí ẹ̀rọ wọn nílò gan-an jáde, tí kì í ṣe ohun tí wọ́n bèèrè, wọ́n á sì máa yọ̀ lọ sílé pé àwọn mọ ọjà yàn.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọlọ́gbọ́n wọ̀nyí, kò sí èyí tó tó Ẹ̀gbọ́n Síkírù lẹ́gbẹ́. Abẹ́ páánù tó yọrí láti ara ṣọ́ọ̀bù Àrínọlá ló ti ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ọmọ bíbí Muṣin ni, ó ku ọdún méjì kó pé ọgọ́ta, gbogbo ayé sì ń pè é ní Injinía. Ẹni tó fi í joyè náà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ká má purọ́, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Á dẹ etí sílẹ̀ sí ẹ̀rọ bí ìyá ṣe ń gbọ́ ikọ́ ọmọ, á sì sọ ibi tó ń dùn ún. Ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ ni pé òfin pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, òun nìkan sì ni òfin náà kò mú.

"Ẹ má bu epo sínú ẹ̀rọ tó bá ṣì gbóná," ni yóò máa sọ fún oníbàárà, bẹ́ẹ̀ lòun fúnra rẹ̀ ń bu bẹntiróòlù sínú ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tí èéfín kò tíì tán lára rẹ̀. "Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kí ẹ tó fọwọ́ kan ṣéènì." Òun kì í yọ ọ́. "Ẹ má wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́." Ìbọ̀wọ́ tirẹ̀ wà níbi tó so ó kọ́ sí láti ọdún mẹ́ta, aláǹtakùn kan sì ti kọ́lé sínú rẹ̀, ó ti bímọ síbẹ̀.

Àrínọlá ń gbọ́, ó sì ń wò. Lọ́jọ́ kan tó bi í pé kí ló dé tó fi ń tú kàbúrétọ̀ kan tó jẹ́ pé ìdọ̀tí inú asẹ́ epo ló ń dà á láàmú, Ẹ̀gbọ́n Síkírù rẹ́rìn-ín.

"Àrínọlá, ojú lo fi ń wo iṣẹ́ yìí. Ojú kì í di sípánà mú."

"Òótọ́ ni, sà," ni Àrínọlá fèsì, ó sì padà sídìí ọjà rẹ̀. Wákàtí méjì lẹ́yìn náà ni Ẹ̀gbọ́n wá bèèrè bóyá ó ní asẹ́ epo kan nílẹ̀.

Ohun tí Ẹ̀gbọ́n Síkírù kò mọ̀ ni pé ẹ̀rọ agégi kan wà nílé Àrínọlá ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, òkú ẹ̀rọ tó rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ó ti tú u palẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun, ó ti tò ó padà, nígbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọkọ rẹ̀, Ọláwálé, tó ń wa bọ́ọ̀sì láti Jíbówú lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá kílọ́ọ̀ṣì àti písítìn nínú abọ́.

"Ìyàwó mi, ṣé ká fọwọ́ jẹ ẹ́ ni, àbí ṣíbí ń bẹ?"

Nígbà tí òkú ẹ̀rọ náà jí níkẹyìn, tó bú ramúramù ní ẹ̀yìnkùlé, Ọláwálé kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó kàn ní kó máa ṣọ́ra fún ọwọ́ rẹ̀, torí ọwọ́ náà ló ń roúnjẹ. Ọkùnrin ṣáà lòun náà.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan nígbà òjò ni ọ̀rọ̀ yíwọ́. Rótìmí, agégi kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé. Igi máńgòrò ńlá kan ti wó lu ọgbà ìjọ kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, Pásítọ̀ sì fẹ́ kó kúrò níbẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ìsinmi.

"Kí ló ṣe é?" ni Àrínọlá bi í.

"Àǹtí, ṣéènì rẹ̀ ò kí ń dúró. Tí mo bá tú ọwọ́ sílẹ̀ pàápàá, á ṣì máa yí."

Àrínọlá wo ẹ̀rọ náà. Ike tó yẹ kó wà níwájú ọwọ́, èyí tó máa ń fa bíréèkì kí ṣéènì lè dúró tí ẹ̀rọ bá ta sẹ́yìn, kò sí níbẹ̀.

"Bíréèkì rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ti yọ ọ́. Ó ń dí mi lọ́wọ́."

"O ṣeun. Ọwọ́ méjì pọ̀ jù fún èèyàn tẹ́lẹ̀."

Rótìmí rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Ẹ̀gbọ́n Síkírù yọ. Ó ti wẹ̀, ó ti fín lọ́fíńdà, ó wọ jàlàbíà funfun tí apá rẹ̀ fẹ̀ bí àpò ìrẹsì, ó ń lọ kírun Jímọ̀. Ó gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀rọ náà lórí ìdúró.

"Ìsáré rẹ̀ ló ga jù. Màá fi sukurudáífà rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré."

"Ẹ̀gbọ́n," ni Àrínọlá wí, "ẹ jẹ́ kó di ìgbà tí ẹ bá kírun dé. Tàbí kí ẹ bọ́ aṣọ yẹn ná."

"Àrínọlá, ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ìwọ ṣì ń fi yẹ̀pẹ̀ se ọbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kò yọ ṣéènì. Kò wọ ìbọ̀wọ́, bóyá nítorí aláǹtakùn àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ náà lé orí bẹ́ǹṣì, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rọ bú, ṣéènì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́. Injinía tẹ̀ síwájú pẹ̀lú sukurudáífà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi ọwọ́ òsì di ẹ̀rọ mú. Afẹ́fẹ́ kékeré kan, tí kò tó èyí tó lè pa àbẹ́là, gbé apá ọ̀tún jàlàbíà náà sókè díẹ̀.

Ṣéènì gba aṣọ. Ó fà á, ó ká a mọ́ra, ó sì fa ọwọ́ tó wà nínú aṣọ náà tẹ̀ lé e.

Igbe tí Ẹ̀gbọ́n Síkírù ké, Àrínọlá kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àgbà ọkùnrin rí. Gbogbo òpópónà sáré dé. "Ẹ pa á! Ẹ pa á!" Wọ́n tó ọ̀gágun méjìlá tó ń pàṣẹ, kò sí ọmọ ogun kan ṣoṣo. Rótìmí tẹ súwíìṣì, ẹ̀rọ kò pa. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé wáyà súwíìṣì ti já láti oṣù méjì, pé ńṣe lòun máa ń jẹ́ kí epo tán nínú rẹ̀. Àrínọlá fo tábìlì ọjà rẹ̀ kọjá, ìgò ọ́ìlì mẹ́rin ṣubú, ó sì na ọwọ́ gba ẹ̀yìn ẹ̀rọ fa ṣóòkù, ohun tó ń dí afẹ́fẹ́ mọ́ ẹ̀rọ nínú, jáde. Epo pọ̀ jù fún ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú.



Àrínọlá fi abẹ gé apá aṣọ náà kúrò lẹ́nu ṣéènì. Àtẹ́lẹwọ́ ti là láti ìdí àtàǹpàkò títí dé ọrùn ọwọ́. Ó mú tówẹ̀lì tó mọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́ náà gírígírí, ó ní kí Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ sókè ju àyà lọ, ó ní kí ẹnì kan dá kẹ̀kẹ́ Màrúwá dúró. Rótìmí, tó ń gun igi tó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ láìfi pe nǹkan kan, rí ẹ̀jẹ̀, ó sì rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn kan wá ń fẹ́ ẹ.

Nínú kẹ̀kẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí Injinía sọ ni, "Ṣé jàlàbíà náà ya púpọ̀?"

"Wọ́n á rán an, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n á rán ẹ̀yin náà."

Ìgbà tí wọ́n gbé e wọlé lọ́dọ̀ dókítà tán, tí Àrínọlá ku òun nìkan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ló wá rí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ mọ́ ọwọ́ tirẹ̀. Ó wò ó bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíì ni. Ó jókòó, ó sunkún díẹ̀, kì í ṣe ẹkún àṣehàn. Ọkùnrin náà ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọdún mọ́kànlá, ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá kan náà ni wọ́n ti jọ ń jẹ ẹ̀pà nínú bébà kan.

Abẹ́rẹ́ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi rán ọwọ́ náà. Iṣan tó ń ká àtàǹpàkò ti fara gbá. Dókítà ní kò gbọdọ̀ di nǹkan kan mú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìtàn ti tó mẹ́ta lẹ́nu Injinía. Ti àkọ́kọ́, ẹ̀rọ náà ló burú. Ti ìkejì, ẹnì kan ló tì í lẹ́yìn. Ìkẹta, tó sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń kírun, ni pé òun ń gba Rótìmí là ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Rótìmí padà wá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

"Gbé e lọ síbo?" ni Àrínọlá bi í.

"Sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn, Àǹtí."

"Fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Lọ sílé, kí o lọ mú bíréèkì tí o yọ wá."

"Ta ló fẹ́ tún un ṣe?"

"Ẹni tó pa á lánàá."

Rótìmí wò ó, ó wo ẹ̀rọ, ó tún wo ibi tó jókòó sí lánàá, ó lọ sílé. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ti rí bíréèkì náà.

Ohun àkọ́kọ́ tí Àrínọlá ṣe ni pé ó yọ wáyà orí púlọ́ọ̀gì, ó yọ púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀, ó jù ú sápò. Ẹ̀rọ tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wà lápò èèyàn kì í dédé jí. Ó wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ, ó tú ìdérí ẹ̀gbẹ́, ó yọ ṣéènì sọ́tọ̀, ó sì dé ìdí kílọ́ọ̀ṣì, èyí tó ń sọ ìgbà tí ṣéènì yóò bá ẹ́ńjìnnì rìn àti ìgbà tí kò ní bá a rìn. Sípíríǹgì kékeré tó ń dì í mú ti kán. Kò sí ohun tó kan sukurudáífà nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Injinía ti ń wá oògùn ẹ̀fọ́rí fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn.

Ó fi sípíríǹgì tuntun sí i. Ó so wáyà súwíìṣì, ó dá bíréèkì padà sí àyè rẹ̀. Ó fi fáìlì roboto pọ́n eyín ṣéènì lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n kan náà fún gbogbo wọn, torí ṣéènì tí eyín rẹ̀ kò dọ́gba á máa fa ẹ̀rọ sọ́nà kan ni. Ó fà á le mọ́ irin tó ń sá lórí rẹ̀ títí tí kò fi rọ̀ wálẹ̀ mọ́, síbẹ̀ tí ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ ṣì lè fà á kó yí. Lẹ́yìn náà ló wá mú púlọ́ọ̀gì jáde lápò.

Ilẹ̀ ló gbé ẹ̀rọ náà lé. Ó ti bíréèkì síwájú kó di ṣéènì mú, ó fi bàtà tẹ ìdí ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, ó fà á. Nígbà tó jí, ó tú bíréèkì, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì na ẹnu rẹ̀ sí ara páálí kan láìjẹ́ kó kàn án. Ọ́ìlì fọ́n sára páálí náà: ṣéènì ń rí ohun mu. Ó tú ọwọ́ sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń dún, ṣéènì dúró gbagidi.

Rótìmí la ẹnu sílẹ̀. "Àǹtí, ta ló kọ́ yín?"

"Ìwọ àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ. Gbogbo ohun tí ẹ bà jẹ́ ni mo fi kọ́ṣẹ́."

Rótìmí gé máńgòrò náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà ìkéde, Pásítọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Arákùnrin Rótìmí, ó tún wá gbàdúrà fún Injinía kan ní Muṣin, tí Arákùnrin Rótìmí sọ pé ó tún ẹ̀rọ náà ṣe lọ́nà àrà, kí Ọlọ́run túbọ̀ bùkún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àrínọlá wà ní ìjókòó kẹrin. Ìjọ tirẹ̀ ni. Ó ṣe àmín tó dún ju ti gbogbo ìjọ lọ. Ọláwálé yí ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì.

Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni Ẹ̀gbọ́n Síkírù ti padà sábẹ́ páánù. Ó jókòó sórí àga, ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n dì rí bí odidi búrẹ́dì. Àwọn oníbàárà ń gbé ẹ̀rọ wá "fún Injinía." Àrínọlá á gbà á, á tún un ṣe níṣojú Injinía, wọ́n á wá gbé e, wọ́n á sì wo ọkùnrin tó fi ọwọ́ búrẹ́dì jókòó náà, wọ́n á ní, "Injinía, ọwọ́ yín ò láfiwé!" Injinía á mi orí díẹ̀, bí ẹni tí ìyìn ti ń sú. Odidi oṣù kan ló fi tún ẹ̀rọ ṣe báyìí láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Irú iṣẹ́ ìyanu bẹ́ẹ̀, Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ kò tíì rí i.

Ṣé ó dun Àrínọlá? Ó dùn ún. Nígbà mìíràn tó bá dé ilé, á fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, á ní epo ló ń fọ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Ó fẹ́ mọ ọjọ́ tí ọkùnrin náà yóò la ẹnu.

Quadri ló jẹ́ kó là á. Quadri ń fi ẹ̀rọ gé ìtì igi níbi tí wọ́n ti ń la pákó, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tí ohùn rẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n tún ṣe fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá dé, ó jù ú sílẹ̀ gbàà.

"Injinía! Irú iṣẹ́ wo lẹ ṣe fún mi yìí? Ọjọ́ mẹ́rin péré, ó ti kú fin-ín!"

Ẹ̀gbọ́n Síkírù kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó na ìka sí Àrínọlá. "Èmi kọ́ o! Obìnrin yìí ló ṣe é. Mi ò fọwọ́ kàn án. Ṣé o ò rí ọwọ́ mi ni?"

Àrínọlá gbé fáìlì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Oṣù kan gbáko ló ti ń dúró de ẹ̀rí yìí, ó sì ti wá jáde lẹ́nu àgbà, níwájú àwọn èèyàn.

"Òótọ́ ni wọ́n sọ," ló sọ fún Quadri. "Èmi ni mo ṣe é. Ẹ jókòó, sà."

Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó tú sàlẹ́ńsà kúrò, ó sì ní kí Quadri wo inú ibi tí èéfín ń gbà jáde. Ara písítìn ti họ láti òkè délẹ̀, ó gbẹ táútáú bí ẹsẹ̀ ìgbà ọyẹ́.

"Ọ́ìlì mélòó lẹ pò mọ́ bẹntiróòlù tí ẹ bù sí i?"

Quadri fi ọwọ́ họ orí. "Ọ́ìlì yẹn, ó máa ń jẹ́ kó rú èéfín. Mo ní kí n má fi sí i lọ́tẹ̀ yìí."

"Ẹ̀rọ yìí kò ní ibòmíì tó ti ń rí ọ́ìlì sínú. Inú epo yẹn nìkan ló wà. Ìgò tí mo fún yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi bíírò fa ìlà sí i lára: jálá bẹntiróòlù márùn-ún, ọ́ìlì dé ojú ìlà. Níbo ni ìgò náà wà?"

Ìgò náà wà nílé. Ìyàwó Quadri ń fi rọ epo pupa.

Ọkùnrin náà wo inú ẹ̀rọ títí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ṣé ó ṣì lè jí, Màdáámù?"

"Á jí tí a bá pààrọ̀ písítìn. Ẹ padà wá lọ́jọ́bọ̀."

Quadri lọ. Ẹ̀gbọ́n Síkírù ń wo ilẹ̀.

"Àrínọlá, o mọ̀ pé láti ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, mi ò tíì dúpẹ́."

"Ẹ ti dúpẹ́, sà. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún Quadri pé èmi ni mo ṣe é."

Ó kọ́kọ́ wò ó bíi pé ó fẹ́ bínú. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó fi di omi lójú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ búrẹ́dì náà nù ún. Kò sọ "o ṣeun" síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ló sọ ọ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, nígbà tí ẹ́ńjìnnì kan ń dún. Àrínọlá gbọ́ ọ, ó sì bi í pé, "Kí lẹ wí, sà?" kó lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí wọ́n tú ọwọ́ náà, ọgbẹ́ ti jinná, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò kọ̀, kò ká mọ́. Ó gbé fáìlì, fáìlì bọ́. Ó tún gbé e, ó tún bọ́. Àrínọlá ń to ọjà tó ti tò tẹ́lẹ̀ kó má bàa rí i.

"Kí ni màá wá máa ṣe báyìí?" ni Ẹ̀gbọ́n bi í, kò sì sí yẹ̀yẹ́ nínú ohùn rẹ̀ rárá.

Àrínọlá ronú díẹ̀. "Ẹnu yín ò ṣèṣe, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa gba àwọn oníbàárà. Ẹ máa gbọ́ ẹ̀rọ wọn, kí ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́ fún mi. Etí yín dára ju tèmi lọ."

Ó gbà. Ó sì mọ iṣẹ́ náà ṣe ju bí wọ́n ti rò lọ. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ tí kò ní bíréèkì dé, Ẹ̀gbọ́n Síkírù á na ọwọ́ náà sí i lójú, kò ní sọ ju gbólóhùn kan lọ, ẹni náà á sì padà sílé lọ wá bíréèkì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan tí wọn kò rí rí gbé ẹ̀rọ dé láti Yábàá, ó ń bèèrè Injinía. Ẹ̀gbọ́n ní kó jókòó, pé Injinía ń jẹun lọ́wọ́. Ọkùnrin náà dúró. Àrínọlá jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù, ó ń nu ẹnu, ó ń fa ìbọ̀wọ́ wọ̀. Ọkùnrin náà na ọrùn, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Kò sẹ́lòmíì lẹ́yìn mi, sà," ni Àrínọlá wí. "Kí ló ṣe ẹ̀rọ yín?"